Èrò tuntun dé, ọjọ́ ìtẹ̀jáde sì ti sún mọ́lé: ìtọ́sọ́nà fún alábòójútó open source

Nígbà kan, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ẹ̀dà 0.4 áàpù kékeré kan tí mò ń bójútó jáde. Open source ni, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, kó sì fi àtúnṣe ránṣẹ́. Áàpù náà ò ju pé ó ń báni fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ. Ohun kan ṣoṣo la ṣèlérí fún àwọn tó ń lò ó: bí wọ́n bá wá “ọjọ́” nínú ìwé wọn, kí wọ́n rí gbogbo “ọjọ́” tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi fóònù kọ Yorùbá, tẹ́ ẹ tún fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́, á ti mọ ìyọnu yìí. Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ní nọ́ńbà kan fún “ọ”, ìyẹn U+1ECD, àmọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún “ọ́”. Kíbọọ̀dù kan á kọ “ọ”, á wá fi àmì òkè lé e. Òmíràn á kọ “o” lásán, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, á tún fi tòkè sí i. Ojú wa ò mọ ìyàtọ̀ àárín wọn. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ ń lérí pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Iṣẹ́ 0.4 ni pé kó sọ gbogbo wọn di oríṣi kan náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ẹnì kan fi pull request, ìyẹn kóòdù tó fẹ́ ká dà pọ̀ mọ́ tiwa, ránṣẹ́: àfikún tó ń jẹ́ kéèyàn fi ẹnu sọ̀rọ̀, kí áàpù sì kọ ọ́ sílẹ̀ tàmì-tàmì. Inú mi dùn débi pé n ò tíì kà á tán tí mo fi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ká fi sí 0.4. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni 0.4 tó jáde. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àtúnṣe ìwákiri tá a ti parí wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rí i lò, torí a ti so ó mọ́ àfikún tí kò tíì mọ “ọkọ̀” yàtọ̀ sí “ọkọ”.

Ẹni tó mú èrò wá ò jẹ̀bi. Èmi tí n ò ní ibòmíràn tí màá fi èrò sí ju inú ìtẹ̀jáde tó wà lọ́wọ́ lọ ni mo jẹ̀bi. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú ohun tí mo rí kọ́ lára àwọn iṣẹ́ ńlá tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ṣáájú wa.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ iṣẹ́ ìtẹ̀jáde sílẹ̀ lọ́nà tó fi lè sọ pé “rárá”

Gbólóhùn kan tàbí méjì tó. Ohun tí ẹ máa fi mọ̀ bóyá ó dáa ni pé kẹ́ ẹ mú èrò kan tó wù yín gan-an, kẹ́ ẹ gbé e síwájú gbólóhùn náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó lè sọ fún un pé “ìwọ kọ́”. “Kí áàpù wa túbọ̀ dára sí i” ò lè lé ẹnikẹ́ni. “Ìwákiri á rí gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá láìka bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sí” lé fífi ohùn kọ̀wé jáde wẹ́rẹ́, láìsí ìjà.

Ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, nínú README, fáìlì àlàyé iṣẹ́ náà, tàbí lókè milestone, àkójọ iṣẹ́ tó wà fún ìtẹ̀jáde kan. Àdéhùn tó wà lọ́kàn alábòójútó nìkan kì í ṣe àdéhùn. Àlejò tó bá fi òru mẹ́ta kọ kóòdù kó tó mọ̀ pé irú rẹ̀ ò sí nínú ètò yóò rò pé ẹ kórìíra òun ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ dá ọjọ́, kẹ́ ẹ sì pinnu ohun tó máa yẹ̀ fún èkejì

Bí iṣẹ́ ò bá tíì parí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá, ọjọ́ ló máa sún ni, àbí ẹrù ló máa dínkù? Ìgbà tí ara bá balẹ̀ ni kẹ́ ẹ dáhùn ìbéèrè yìí, kó má ṣe jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ní tèmi o, ẹrù ni kó dínkù.

Ẹ wo ọjà ọrọọrún. Ìyá tó ń ta tòmátì tí kò bá bá ọjà òní kì í fi orí lu mọ́tò. Ó mọ ọjọ́ tí òmíràn máa ná, á tún ẹrù rẹ̀ dì. Àmọ́ ká ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọjà náà ń ná, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ rẹ̀ pàtó, gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ kó gbogbo ohun tí wọ́n ní wọ mọ́tò kan náà, tútù àti rírà, mọ́tò á sì dúró títí ẹni tó kẹ́yìn á fi dé. Bí ìtẹ̀jáde ṣe ń pẹ́ nìyẹn. Bí ó bá ṣe ń pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èrò tó fẹ́ wọ inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìyẹn á sì tún mú kó pẹ́ sí i.

Debian 3.1, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ṣe bẹ́ẹ̀ rí: July 2002 ni èyí tó ṣáájú rẹ̀ jáde, òun ò sì jáde títí di June 2005. Linux, tó jẹ́ ọkàn irú ètò bẹ́ẹ̀, náà jẹ nínú rẹ̀, láti 2.4 ní January 2001 dé 2.6 ní December 2003 tó ọdún mẹ́ta. Lónìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni ẹ̀dà Linux tuntun ń jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni Rust, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ń lò. Ubuntu, tí wọ́n kọ́ sórí Debian, ń jáde ní April àti October látìgbà 4.10, tó jáde ní October 2004, débi pé ọdún àti oṣù ni nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sún ti April 2006 sí June, orúkọ rẹ̀ gan-an ló yí padà sí 6.06. Àwọn tó ń ṣe Python, èdè kóòdù mìíràn, náà fi October dá ọjọ́ látorí 3.9, ilẹ̀kùn fún ohun tuntun sì máa ń tì ní May.

Fún iṣẹ́ tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló bá mi lára mu. Mẹ́fà ti há jù fún ẹni tí NEPA lè fi ọjọ́ méjì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ní àpótí fún èrò, kẹ́ ẹ sì máa ṣí i

Àwọn iṣẹ́ ńlá ní orúkọ fún àpótí yìí. PEP ni Python ń pè é, Rust ní RFC, Kubernetes, tó ń darí áàpù lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ní KEP. Ìwé ni gbogbo wọn, tí ẹni tó ní èrò máa kọ kí kóòdù tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ò nílò òfin gígùn. Ìbéèrè márùn-ún ni mo fi sínú fáìlì kan. Ta ni ìṣòro yìí ń bá fínra? Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ báyìí? Apá ibo nínú kóòdù ló máa fọwọ́ kàn? Èwo ló kéré jù tá a lè kọ́kọ́ gbìyànjú nínú rẹ̀? Ta ló máa máa tọ́jú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?

Èyí tó kẹ́yìn yẹn lọ̀gá. Ìdajì èrò tó ń wọlé máa ń dákẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá sì dáhùn pé “èmi ni”, tó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, òun lẹ ń wá, kódà bí èrò rẹ̀ ò bá tíì gún régé.

Ẹ má jẹ́ kí èrò kan lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìgbọ́ ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́rin: fún báyìí, fún ẹ̀dà tó ń bọ̀, ẹ lọ kọ ọ́ síwájú sí i, rárá. “Ó máa dáa o, ká máa wò ó” kì í ṣe ìdáhùn, ọgbọ́n àtisá ni. Mo ti lò ó dáadáa rí. Issue, ìyẹn àkọsílẹ̀ èrò tàbí ìṣòro, tí mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ogójì, nígbà tí mo sì pa dà débẹ̀, àwọn tó kọ wọ́n ti bá tiwọn lọ.

Bí mo ṣe yẹ kí n ti dá ẹni tó mú àfikún ohùn wá lóhùn nìyí. Mo mọ̀ báyìí pé ó jù mí lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n pátápátá ni, àmọ́ ẹni tá ò bá mọ̀ rí, “ẹ” la fi ń pè é lọ́nàkọnà:

“Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo ti dán an wò, ó gbọ́ mi yékéyéké nígbà tí mo rọra sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ṣi àmì ‘ọkọ̀’ fi. Kò ní lè bá 0.4 lọ, torí àtúnṣe ìwákiri nìkan la ṣèlérí níbẹ̀, ìtẹ̀jáde sì ku ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún 0.5, tá a máa bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya apá tó ń gbọ́ ohùn kúrò lára apá tó ń fi àmì sí i, ká lè yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.”

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí wà pé mo ka iṣẹ́ náà, torí ọpẹ́ láìsí ẹ̀rí ò yàtọ̀ sí ọpẹ́ ẹnu lásán. Ìdí wà tó ti wà lákọsílẹ̀ kó tó dé, kó má bàa dà bíi pé òun ni mo ṣòfin dè. Ọjọ́ wà. Nǹkan tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lónìí náà sì wà.

Bí èrò náà bá tóbi, ẹ má ṣe so èrò kéékèèké mọ́ ọn. Ẹ wo PHP, èdè tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì: ẹ̀dà 6 rẹ̀ fẹ́ kí Unicode wọ gbogbo inú èdè náà látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ náà há, wọ́n pa á tì ní 2010, nígbà tí wọ́n sì máa ka nọ́ńbà tó kàn ní December 2015, 7 ni wọ́n fò sí. Ohun tó kó wọn yọ ni pé wọ́n tú àwọn àfikún tí kò ní í ṣe pẹ̀lú Unicode sílẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ nínú 5.3 àti 5.4. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dúró de ẹ̀gbọ́n wọn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fún èrò ní yàrá tirẹ̀

Àwọn tó ń ṣe Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, ló ṣe èyí tó wù mí jù. Junio Hamano ti ń bójútó Git láti 2005. Ẹ̀ka ni ẹ̀dà kóòdù tó ń dá rìn lọ́tọ̀. Ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní “seen” ni iṣẹ́ tuntun máa ń kọ́kọ́ jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń wò ó bóyá ó bá àwọn tó kù gbé pọ̀. Èyí tó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ á bọ́ sí “next”, á jinná níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó wọ “master”. Ó sì máa ń tẹ ìwé ìròyìn kan jáde déédéé tó ń sọ ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú ìkòkò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì wọlé ò nílò kó máa béèrè, á kàn kà á níbẹ̀ ni.

Fún tiyín, ẹ̀ka méjì ti tó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, ẹ gé ẹ̀ka ìtẹ̀jáde kúrò lára main, ìyẹn ẹ̀ka àgbà:

git switch -c itejade-0.4 main

Main á ṣì wà ní ṣíṣí fún ohun tuntun. Àtúnṣe tó bá kan méjèèjì, inú main ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ ṣe é, kẹ́ ẹ wá fi git cherry-pick -x mú un lọ sínú ẹ̀ka ìtẹ̀jáde. Àmì -x yẹn á kọ ibi tó ti wá sára rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe é lódìkejì, àṣìṣe tẹ́ ẹ ti pa lẹ́ẹ̀kan á jíǹde nínú 0.5. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, ojú sì tì mí.

Ẹ̀ka tó bá kọjá oṣù kan láìpadà wálé máa ń bà jẹ́. Main á ti yí lẹ́yìn rẹ̀ débi pé àtidà wọ́n pọ̀ á ju àtikọ ọ́ lọ. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn súìsì ju ẹ̀ka lọ fún iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́: kóòdù náà á wà nínú main, ṣùgbọ́n pípa ni súìsì rẹ̀ á wà fún gbogbo èèyàn àfi ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tàn án. Kubernetes ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó bá wà ní ipò alpha, ìyẹn ìgbà ìdánwò àkọ́kọ́, pípa ni wọ́n ń fi í sílẹ̀. Rust náà ní i. Inú nightly, ẹ̀dà ìdánwò tó ń jáde lálaalẹ́, nìkan lẹ ti lè tan àfikún tí kò tíì dàgbà. Owó orí súìsì ni pé ẹ gbọ́dọ̀ yẹ áàpù wò nígbà tó bá wà ní títàn àti nígbà tó bá wà ní pípa. Bí súìsì bá ti ju mẹ́ta lọ nínú iṣẹ́ kékeré, ẹ ti ń kọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni ò mọ wáyà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ilẹ̀kùn Linux fi ń ṣí fún ohun tuntun nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni Linus Torvalds, tó dá Linux sílẹ̀, á gbé rc1, ẹ̀dà ìdánwò àkọ́kọ́, jáde, á sì máa gbé òmíràn jáde lọ́jọ́ Sunday kọ̀ọ̀kan títí dé rc7 tàbí rc8. Láàárín àkókò yìí, àtúnṣe nìkan ló ń wọlé.

Gbogbo ìjà ibẹ̀ dá lórí ọ̀rọ̀ kan: kí là ń pè ní àtúnṣe? Bcachefs, tó ń tọ́jú fáìlì sórí dísìkì, wọ Linux nínú 6.7, tó jáde ní January 2024. Lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta ni wọ́n fa ọ̀rọ̀ pẹ̀lú alábòójútó rẹ̀ torí ohun tó ń fi ránṣẹ́ nígbà rc. Nígbà rc ti 6.16 ní 2025, ọ̀kan nínú ohun tó fi ránṣẹ́ jẹ́ irinṣẹ́ tó lè gba fáìlì ẹni tí nǹkan bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Lójú ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹkún àwọn èèyàn lòun ń nù. Lójú Torvalds, ohun tuntun ni, ìgbà rẹ̀ kọ́. Ó gbà á wọlé, àmọ́ ó sọ pé àwọn á pínyà. Ní 6.17, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìta ni wọ́n ti ń bójútó o, ní 6.18, wọ́n kó kóòdù rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀yin lè gbè sẹ́yìn ẹni tó bá wù yín. Mo rí òtítọ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní ìbéèrè mẹ́ta tí mo máa ń béèrè bí ilẹ̀kùn bá ti tì. Ṣé nǹkan yìí ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dà tó kọjá, tó wá bà jẹ́ nínú èyí? Ṣé dátà ẹnì kan lè sọnù, tàbí kí olè gba ibẹ̀ wọlé, bí a ò bá fi sí i? Ṣé revert kan ṣoṣo, ìyẹn àṣẹ tó ń dá àyípadà padà, lè yọ ọ́? Bí èkíní tàbí èkejì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ̀kẹta náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó wọlé. Èyí tó bá kù, kó lọ sí main.

Ẹnì kan ni kó máa dáhùn ìbéèrè náà fún ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì máa gbà á ṣe. Ẹni tó kọ àfikún tó tóbi jù nínú ẹ̀dà náà kọ́ ni kẹ́ ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ o. Kò sí bó ṣe lè jẹ́ olóòótọ́ tó, àánú ọmọ rẹ̀ á ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ohun tó ti wọlé

Ibi yìí ló le jù, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe dátábéèsì PostgreSQL ni mo sì ti rí i tí wọ́n ṣe é dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ẹ̀dà ńlá rẹ̀ ń jáde. Kó tó jáde, ìgbà márùn-ún ni wọ́n ń jókòó yẹ patch, ìyẹn àyípadà kóòdù tí èèyàn fi ránṣẹ́, wò, ní July, September, November, January àti March, ilẹ̀kùn á sì tì ní April.

Ní April 2018, àṣẹ MERGE wọlé fún PostgreSQL 11. Àṣẹ tí àwọn èèyàn ti ń dúró dè ni: bí orúkọ kan bá ti wà nínú tábìlì, tún un ṣe, bí kò bá sí, fi í sí i. Kò tíì pẹ́ tó wọlé tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń tọ́ka sí ibi tí ìkọ́lé rẹ̀ ò ti dán mọ́rán. Wọn ò sún ọjọ́. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n yọ ọ́, 11 sì jáde ní October 2018 láìsí i. March 2022 ni MERGE tó padà wọlé, lẹ́yìn àtúnkọ, ó sì bá PostgreSQL 15 jáde ní October. Ọdún mẹ́rin.

Nínú 15 yẹn kan náà, àwọn àfikún SQL/JSON, tó wà fún oríṣi dátà tí wọ́n ń pè ní JSON, ti wọlé, àwọn èèyàn ti ń dán wọn wò nínú beta, ìyẹn ẹ̀dà ìdánwò. Wọ́n yọ wọ́n ní September, nígbà tí ìtẹ̀jáde ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. JSON_TABLE, tó wà lára wọn, kò jáde títí di 17 ní September 2024. Dátábéèsì tí àwọn èèyàn ń kó owó àti ìwé ìwòsàn sí ni, wọn ò lè ní kí ẹni tó ń lò ó bá wọn mú un mọ́ra.

Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni bí iṣẹ́ ṣe wọlé. Ẹ jẹ́ kí àfikún kọ̀ọ̀kan wọlé ní commit, ìyẹn àyípadà kan tí Git kọ sílẹ̀, tó dá dúró, tí kò tún àlàfo àti orúkọ fáìlì tí kò kàn án ṣe lójú ọ̀nà. Bí ó bá gba pull request wọlé pẹ̀lú merge commit, ìyẹn commit tó so ẹ̀ka méjì pọ̀, git revert -m 1 á yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yẹ èyí wò kó tó wọlé: ẹ yọ ọ́ lórí ẹ̀ka ìdánwò, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ilé ṣì dúró.

Ẹni tí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ revert. Ẹ kọ ohun tó kù tó máa ṣe kí iṣẹ́ náà lè padà sínú commit náà gan-an, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún kan, ẹnikẹ́ni tó bá kà á á mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ rántí pé ẹ ò sanwó fún ẹnikẹ́ni

Ní ọ́fíìsì, ọ̀gá lè sọ pé “fi ìyẹn sílẹ̀, wá tún bug yìí ṣe.” Nínú open source, ẹni tẹ́ ẹ bá ní kó fi èrò rẹ̀ sílẹ̀ lè fi gbogbo yín sílẹ̀. Wákàtí tó fẹ́ fi ṣe ohun tó wù ú kì í di wákàtí tó máa fi ṣe ohun tó wù yín. Nítorí náà, ẹ má ṣe ka lílé èrò tuntun sẹ́yìn sí ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà rí ọwọ́ kún ọwọ́ fún ìtẹ̀jáde.

Pàṣípààrọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àṣà PostgreSQL ni pé ẹni tó bá gbé patch wá, kó yẹ ti ẹlòmíràn tó wúwo tó tirẹ̀ wò. Èmi máa ń béèrè ìdánwò: ẹni tó fẹ́ kí n ka àfikún rẹ̀ ní 0.5, kó fi fóònù tirẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ 20 fún mi, ká fi yẹ ìwákiri 0.4 wò. Ìdajì wákàtí ni, òun náà á sì ti ní ọwọ́ nínú ẹ̀dà tí iṣẹ́ rẹ̀ ò bá jáde.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wa ṣe ń lọ nìyí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ṣí àpótí, a sì kọ gbólóhùn iṣẹ́. Ìkejì dé ìkarùn-ún, iṣẹ́. Ìparí ìkarùn-ún, ilẹ̀kùn tì, a gé ẹ̀ka. Ìkẹfà àti ìkeje, ìdánwò àti àtúnṣe nìkan. Ìkẹjọ, a gbé e jáde lọ́jọ́ Tuesday, kì í ṣe Friday, torí èmi náà ń fẹ́ lọ òde ní Saturday. Ọjọ́ tó kù nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí òfin, kálukú ń fi èrò tó bá wù ú ṣeré.

Nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àfikún ohùn ti rí ara rẹ̀ padà. Ó ti wà nínú main látìgbà 0.6, ó ti mọ “ọkọ̀” yàtọ̀ sí “ọkọ”, ó sì ń ṣi “ọkọ́” gbọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Súìsì rẹ̀ ṣì wà ní pípa. Ẹ̀gbọ́n ní ká tàn án ní 0.7. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àpótí.